Ta ló ni ọ̀já tó wà lára Gẹ̀lẹ̀dẹ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àforítì lórí èdè wa. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí ló mú wa gbé gègé. Òǹkàwé náà ní ọmọbìnrin àbúrò òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bákì, ìwé-ẹ̀rí ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Kétu nílẹ̀ Benin, ó sì ta kú pé ìtàn iṣẹ́-ọnà lòun fẹ́ kọ́, pàápàá jù lọ ti àwọn obìnrin, kóun sì máa ṣètò ìpàtẹ. Ó wá béèrè nǹkan méjì: ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn, àti pé kí ni obìnrin ṣe nínú ọnà ilẹ̀ wa tí èèyàn á máa kọ̀wé lé lórí, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin ló ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eégún tí a fi ń júbà àwọn ìyá, ọkùnrin náà ló ń gbé e jó? Àwa tí à ń kọ̀wé yìí, ìdí ohun àtijọ́ la ti ń jẹun ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), iṣẹ́ tí ọmọ náà ń lé gan-an sì ni. Ìbéèrè kejì la ó kọ́kọ́ dáhùn, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn àkọ́kọ́ wà.

Ẹni tó bá wọ ilé músé, ìyẹn ilé tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, ì báà ṣe níbí, ì báà ṣe nílùú òyìnbó, orí igi ni yóò bá níbẹ̀: ojú, imú, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́, gèlè tí wọ́n fi igi gbẹ́, nígbà mìíràn ejò tó ń bá ẹyẹ jà tàbí obìnrin tó gbé igbá ọjà. Wọ́n á ti gbé e lé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, iná á máa tàn sí i. Káàdì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ní: Gẹ̀lẹ̀dẹ́, igi, ọ̀dà, Kétu, a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ igi yẹn nìkan kọ́ ló ń jó. Orí igi ń jókòó sókè orí oníjó bíi fìlà ni, kò bo ojú rẹ̀. Àárín aṣọ tó wà lábẹ́ ni oníjó ń gbà ríran. Láti ọrùn dé ìdí, aṣọ ni: gèlè, ìró, ọ̀já ìpọnmọ, tí wọ́n wé, tí wọ́n so, tí wọ́n tò léra wọn títí ara fi rí rúmúrúmú bí ara abiyamọ. Ìkù irin wà lẹ́sẹ̀, tó ń dá ìlù lóhùn. Ọwọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n sì ti ń yá àwọn gèlè àti ọ̀já wọ̀nyẹn. Obìnrin á tú ọ̀já tó fi ń pọn ọmọ, á gbé e fún ẹni tó fẹ́ jó. Bí eré bá tán, á gba ọ̀já rẹ̀, á tún fi pọn ọmọ lọ sílé.

Láyé àmúnisìn, igi ni àwọn tó ń ra nǹkan wọ̀nyí kó lọ. Igi ló jọ ère lójú wọn, igi ló rọrùn láti dì sínú àpótí. Aṣọ kò sí nínú ohun tí wọ́n ń wá. Báyìí ni apá tí ọkùnrin ṣe ṣe wọ músé, tí apá tí obìnrin ṣe dúró sílé, tó gbó, tó ya, tó di àkísà. Ẹni tó bá wá wo orí igi lásán nínú gíláàsì lónìí, tó ní òun kò rí iṣẹ́ obìnrin níbẹ̀, kò purọ́. Wọ́n ti bọ́ iṣẹ́ obìnrin kúrò lára rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Aṣọ nìkan sì kọ́. Ìyáláṣẹ ló wà lórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òun ló ń tọ́jú ojúbọ. Lóru Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn òru orin tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí olórin tó fẹnu kan ẹnikẹ́ni nílùú, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa. Nígbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún aráyé tí a kò lè fọwọ́ bà ní 2008, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé òun nìkan ni ẹgbẹ́ eégún tí wọ́n mọ̀ tí obìnrin ń bá wọn darí. Henry Drewal àti Margaret Thompson Drewal ti kọ odindi ìwé lórí agbára obìnrin nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1983, Babatunde Lawal sì kọ tirẹ̀ ní 1996. Ìmọ̀ náà wà nínú ìwé. Orí káàdì músé ni kò tíì dé.

Ìbéèrè òǹkàwé yín kì í ṣe tuntun o. Ní 1971, Linda Nochlin, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́-ọnà, ọmọ Brooklyn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1931, gbé irú rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ARTnews: kí ló dé tí kò fi sí obìnrin láàárín àwọn ògbóǹtarìgì ayàwòrán? Àwọn kan ti ń wá orúkọ obìnrin kiri láti fi ta ko ìbéèrè náà. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n wo ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ di ayàwòrán ńlá ní Yúróòpù láyé ìgbà náà gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń ya ara èèyàn láti ara ẹni tó wà níhòòhò níwájú rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí obìnrin wọ yàrá yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Paris, École des Beaux-Arts, ọdún 1897 ló tó gba obìnrin wọlé. Ẹ gbé e wá sílé: ta ló ń kọ́ ọmọbìnrin ní iṣẹ́ àáké àti ọ̀bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà? Ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọkùnrin ti ń kọ́ igi. Ọ̀dọ̀ ìyá tàbí ìyá ọkọ ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ amọ̀, aró àti òfì. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn wá láti òkèèrè, ó pe igi ní ọnà, ó pe ìkòkò ní ohun èlò ilé ìdáná.

Ní 1976, Nochlin àti Ann Sutherland Harris ṣe ìpàtẹ kan ní músé Los Angeles: obìnrin 83, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín 1550 sí 1950. Kí irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ tó dúró, èèyàn á ti wọ àjà àti yàrá ẹ̀yìn ilé músé púpọ̀, torí iṣẹ́ obìnrin mìíràn wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin. Ẹ wo Judith Leyster, obìnrin ayàwòrán ará Haarlem nílẹ̀ Holland, ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn. Àmì tó máa ń fi sí àwòrán rẹ̀ ni J àti L tí ìràwọ̀ so mọ́, torí ìràwọ̀ atọ́nà ni orúkọ ìdílé rẹ̀ túmọ̀ sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ń ta iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ Frans Hals, ọkùnrin ayàwòrán ìlú kan náà, músé Louvre ní Paris pàápàá ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ọdún 1893 ni onímọ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, tó bá J, L àti ìràwọ̀ lábẹ́ orúkọ Hals tí wọ́n fi bò ó. Irú iṣẹ́ yìí ni ọmọ Kétu yẹn fẹ́ ṣe. Iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì ń yí iye owó àti orúkọ padà. Nochlin kò fi í sílẹ̀ títí ó fi dàgbà: ní 2007, òun àti Maura Reilly ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn obìnrin káàkiri ayé ní músé Brooklyn, nígbà tí wọ́n ṣí ibùdó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó kú ní 2017.

Àmọ́ kí ọmọ wa má gbé ìbéèrè Nochlin wálé láìgbọ̀n ọ́n. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ ọ́ ní 1997 pé láàárín Yorùbá, ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò, ló ń ṣètò ilé ju ta ni ọkùnrin, ta ni obìnrin lọ. Èèyàn lè bá a jiyàn, àwa náà kò gbà á tán. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí lójoojúmọ́ lórí tábìlì wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré yìí: «ó». Ìyá àgbà kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń sọ̀rọ̀ ìkòkò kan, ó ní, «Ó mọ ọ́n, ó sun ún, ó gbé e lọ fún òrìṣà.» Akọ̀wé tó ń fi Faransé kọ káàdì gbọ́dọ̀ yan «il» (ọkùnrin) tàbí «elle» (obìnrin). Bí kò bá béèrè, «il» ni yóò kọ. Obìnrin amọ̀kòkò di ọkùnrin lójú ẹsẹ̀, láìsí ẹni tó pète ibi. Nítorí náà, Yorùbá ni kí a kọ́kọ́ fi kọ káàdì, bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe sọ ọ́, kí Faransé tó tẹ̀ lé e. Níbikíbi tí «ó» bá wà, ká béèrè pé: ta ni?

Káàdì yìí, tí àwọn ará ibí ń pè ní fíìṣì, ni gbogbo ìdí iṣẹ́ náà. Tí káàdì bá ṣófo, kò sí ìwé, kò sí ìpàtẹ. Ẹni tó bá béèrè pé «Ta ló gbẹ́ ẹ?» yóò gba orúkọ ọkùnrin kan, á pa ìwé rẹ̀ dé, á lọ. Ìbéèrè tó kù pọ̀: ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ? Ta ló sanwó igi, ta ló sanwó ọ̀dà? Ọ̀já ta ni wọ́n so mọ́ ọn ní ọdún tó jó kẹ́yìn? Ta ló hun ọ̀já náà, ta ló pa á láró? Ta ló dá orin? Lọ́wọ́ ta ló wà bí kò bá sí eré? Ká kọ orúkọ ẹni tó dáhùn pẹ̀lú ọjọ́ tó dáhùn.

Orúkọ ni ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. «Ìyá Túndé» kì í ṣe orúkọ tí a lè fi wá èèyàn lẹ́yìn ogún ọdún. Ìyá Túndé mẹ́ta lè wà ní agbo ilé kan. «Ìyàwó Baálẹ̀» tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ orúkọ àbísọ, oríkì, ilé bàbá, ilé ọkọ, àti oyè bó bá jẹ oyè. Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́-ọnà ará Amẹ́ríkà, ṣe é dáadáa nígbà tó kọ̀wé ní 1969 nípa Àbátàn, ìyá amọ̀kòkò Òkè-Òdàn, tí kò jìnnà sí ibodè wa, ẹni tó ń mọ ìkòkò Ẹrinlẹ̀ tí obìnrin jókòó lórí ìdérí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìlú rẹ̀ wà níbẹ̀, àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yí padà bó ti ń dàgbà. Mélòó nínú ìkòkò tó wà nínú músé ló ní irú káàdì bẹ́ẹ̀?

Ibi tí a ti ń béèrè náà ṣe pàtàkì. Bí a bá jókòó síwájú baálé, baálé ni yóò dáhùn, àwọn obìnrin á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́yìn. Kì í ṣe pé baálé ń parọ́. Ohun tó mọ̀ ló sọ. Ẹ kí i, ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tún padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn níbi tí àwọn ìyá ti ń din gàrí tàbí tí wọ́n ti ń ka òwú. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọjà, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni nílé. Bí Ìyáláṣẹ bá ní ohun kan kì í ṣe fún àwòrán, ẹ má yà á, ẹ kọ ọ́ sórí káàdì pé a kò gbọdọ̀ yà á. Ẹni tó bá ní òun ń jà fún àwọn obìnrin, tó wá tú àṣírí tí àwọn obìnrin fi ọwọ́ ara wọn pa mọ́, kò yàtọ̀ sí ẹni tó kó igi lọ tó fi aṣọ sílẹ̀.

Tó bá kan yíya àwòrán, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ń yà, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì ń ya inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé inú. Inú orí igi ni òógùn àti òróró irun ti ń mú igi dúdú, ibẹ̀ ni ojú àáké ti hàn, ibẹ̀ la ti ń rí ibi tó ya tí wọ́n fi okùn tàbí ìṣó tún un ṣe. Èyí tí inú rẹ̀ funfun bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ kò jó rí, ọjà ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Nọ́ńbà káàdì kì í lọ tààrà sára igi: ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kun ibi tí ojú kò ti ní tètè rí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi tàdáwà dúdú kọ nọ́ńbà, ẹ tún fi fáníìṣì bò ó. Bó bá di dandan láti pa á rẹ́ lọ́la, kò ní bá igi jẹ́. Ti aṣọ, orí téèpù òwú la ń kọ ọ́ sí, a ó rán an mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ ní ẹ̀rán mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ má fi pín-ìnnì gún un. Ìpẹtà pín-ìnnì kì í kúrò lára aṣọ mọ́.

Torí pé ọ̀já lọ̀rọ̀ wa dá lé, ẹ jẹ́ ká sọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, kí ìyá tó bá ní ọ̀já ìyá rẹ̀ nínú àpótí lè lò ó. Kíká ló ń pa á: ojú ìká ni òwú ti ń já. Yíyí ni kí ẹ yí i mọ́ páìpù páálí, pẹ̀lú aṣọ òwú funfun tí ẹ ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìfi sítáàṣì sí i, láàárín. Bó bá jẹ́ ti aró ẹlú, ẹ má jẹ́ kó fara kan aṣọ mìíràn, nítorí aró máa ń ràn. Ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn tó ń pa kòkòrò náà ló ń pa àwọ̀. Kámúfọ̀ tí a ń jù sínú àpótí kò dára fún èèyàn, kò sì dára fún músé. Àjàṣẹ́ wà létí ọ̀sà, ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀rinrin inú yàrá bá kọjá ìdá 65 nínú 100 fún ọjọ́ púpọ̀, èébu á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára nǹkan. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọyẹ́ ni ọ̀tá, torí ó ń gbẹ igi títí á fi là. Ẹ̀rọ tó ń fa atẹ́gùn dáadáa wúlò ju ẹ̀rọ amúlétutù tí iná ń gé mọ́ lójú lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, nítorí pé yíyí padà lọ́gán ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Nínú ìpàtẹ, kí ìmọ́lẹ̀ tó dé ara aṣọ má ju lux 50 lọ (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), kí ọ̀já má sì dúró níta ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó padà sínú òkùnkùn.

Ká wá sórí pé ṣé iṣẹ́ ni. Ẹ wo Bísí Silva, obìnrin olùṣètò ìpàtẹ, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1962. Èdè ló kọ́kọ́ kọ́ ní Dijon nílẹ̀ Faransé, kó tó lọ gba oyè nínú ṣíṣètò ìpàtẹ ní Royal College of Art ní London ní 1996. Faransé tó gbọ́ wúlò fún un púpọ̀: ó wà nínú àwọn tó ṣètò Dak'Art, ìpàtẹ iṣẹ́-ọnà ńlá ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní 2006, òun sì ló darí ìpàtẹ fọ́tò ńlá ti Bamako nílẹ̀ Málì ní 2015. Ní ìparí 2007 ló dá ibùdó iṣẹ́-ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Yàbá l'Ékòó, CCA Lagos, láìdúró de ìjọba. Ilé ìkàwé ló fi ṣe ọkàn ibùdó náà, nítorí ó mọ̀ pé ìpàtẹ á tán, ìwé á kù. Ní 2009 ó ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ Lucy Azubuike àti Zanele Muholi lórí ara obìnrin, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń sá fún. Ní 2010 ó bẹ̀rẹ̀ Àsìkò, ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣí láti ìlú kan dé òmíràn nílẹ̀ Áfíríkà, tó ń kó ọ̀dọ́ ayàwòrán àti ọ̀dọ́ olùṣètò ìpàtẹ jọ. Ó kú ní oṣù kejì 2019. Àwọn tó kọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri lónìí.

Ọ̀nà tí ọmọ Kétu lè gbà kò jìnnà. Á gba lísáǹsì, oyè àkọ́kọ́, ní yunifásítì Abomey-Calavi nínú ìtàn tàbí ìmọ̀ ohun àtijọ́. Bó bá di ti iṣẹ́ ọwọ́ inú músé, École du Patrimoine Africain wà níbí ní Àjàṣẹ́ láti 1998, ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ músé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Kó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, kó sì lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí ọ̀já àti ọjà kì í ṣe ohun kan náà lórí káàdì. Ṣíṣètò ìpàtẹ kan tó mọ́yán lórí ń gba nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀: wíwá nǹkan, ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ni ín, ìwé adójútòfò tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí nǹkan kúrò lórí ìṣó rẹ̀ títí á fi padà síbẹ̀, àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tó ti ya kó tó kúrò nílé, ọ̀rọ̀ ògiri ní èdè mẹ́ta, ìwé ìpàtẹ. Ìwé ìpàtẹ ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nígbà tí owó bá fẹ́ tán, òun náà ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀. Owó iṣẹ́ yìí kì í tètè dé, ká má tan ọmọ jẹ. Ọ̀pọ̀ ń fi ìkọ́ni àti ìtumọ̀ èdè kún un ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀. Nínú ohun 26 tí Faransé dá padà fún Benin ní 2021, tí àwọn ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ní Abomey láyé àmúnisìn, ogunlọ́gọ̀ ló lọ wo ìtẹ́ ọba àti ère. Kẹ̀kẹ́ ìrànwú kan náà wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò dúró níwájú kẹ̀kẹ́ yẹn, tí yóò sọ ọwọ́ tó ń ràn án fún wa, la ń wá. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Benin kọ́kọ́ ní ààyè tirẹ̀ níbi ìpàtẹ iṣẹ́-ọnà àgbáyé ti Venice nílẹ̀ Ítálì ní 2024, tí Azu Nwagbogu ṣètò rẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ipò obìnrin wà lára ohun tí wọ́n gbé lọ, Moufouli Bello àti Chloé Quenum sì wà nínú àwọn ayàwòrán mẹ́rin tó ṣojú wa.

Ohun tí a bẹ òǹkàwé náà ni pé kó sọ fún ọmọ àbúrò rẹ̀, kó tó kó ẹrù lọ sí Calavi, kó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kó lọ jókòó ti ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Kó ní kí màmá tú àpótí. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan, kó wọn gígùn àti ìbú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Kó béèrè bóyá òfì obìnrin tó ń dúró ti ògiri ni wọ́n fi hun ún ní kíjìpá, tàbí òfì ọkùnrin tó ń hun ún tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó rán an pọ̀. Kó béèrè ẹni tó pa á láró, àti ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wo ni ọ̀já náà jáde sójú agbo. Bí màmá bá sọ orúkọ kan, kó béèrè oríkì ẹni náà kó tó ṣí ojú ewé.

Àwa ni tiyín,
Àwọn òṣìṣẹ́ ohun àtijọ́ kan,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)